Ta Ni Ó Ni Orúkọ Ewé?

Ìbéèrè kan ni ìyá àgbà kan bi mí ní ọjà Ìlọrà nígbà ìsinmi tí ó kọjá, n kò sì tíì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Mo gbé e wá síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nítorí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, àti nítorí pé mo mọ̀ pé bí ó bá di ọjọ́ kan, a ó rán púpọ̀ nínú yín ní irú iṣẹ́ tí a rán mi, ẹ ó sì bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ pàdé.

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Olùkọ́ wa kan ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa padà sí ìlú rẹ̀, kí ó lọ kó orúkọ ewé àti igi jọ bí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń pè wọ́n, kí ó ya àwòrán wọn, kí ó sì kọ ibi tí ó gbé rí wọn àti ọjọ́ tí ó rí wọn. Onímọ̀ igi kan yóò fi orúkọ Látìn tì wọ́n, lẹ́yìn náà ni a ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sínú ìwé ńlá kan tí kì í ṣe ti bébà, tí gbogbo ayé ń kọ pọ̀, tí gbogbo ayé sì ń kà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí ó ń tọ́jú ìwé náà ni Global Biodiversity Information Facility, tí a ń pè ní GBIF. Ọdún 2001 ni àwọn ìjọba kan pa ọwọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Copenhagen, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ohun tí a ti kọ sínú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù méjì: ẹyẹ kan tí ẹnì kan rí ní ibì kan ní ọjọ́ kan, ewé kan tí a ti já ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí ó gbẹ sínú àpótí, ẹja kan, kòkòrò kan. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ tí a ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975, wà nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn ará Tógò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo àwòrán ayé tí wọ́n fi ibi tí ìròyìn ti wá hàn, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń tàn yòò, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ṣókùnkùn. Kì í ṣe pé igbó wa kò ní nǹkan. A kò kọ ọ́ ni.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gba iṣẹ́ náà. Ọmọ Fìdítì ni mí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí ni ó mọ ìlú wa nítorí ọsàn. Síbẹ̀, ọsàn tí a fi ń yangàn yìí kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ibẹ̀ náà ni kòkó ti wá, àgbàdo sì ti Mẹ́síkò wá. Àgbálùmọ̀ ni tiwa. Ìbá ṣe pé olúkúlùkù ti ṣe odi yí oko rẹ̀ ká láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, kí ni à bá máa jẹ ní Fìdítì?

Ìtàn ẹ̀gẹ́ ni ó sì mú mi gbà pé ó yẹ kí ayé máa sọ ohun tí ó mọ̀ fún ara wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré kan tí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun sí i bọ́ sórí ẹ̀gẹ́ ní agbègbè odò Kóńgò. Orí ẹ̀gẹ́ a ká kò, ewé a gbọ̀n dànù, ohun tí àgbẹ̀ yóò sì wú nílẹ̀ kò ní tó nǹkan. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1977 ni obìnrin ará Faransé kan, Danièle Matile-Ferrero, tó fún un lórúkọ, Phenacoccus manihoti. Kò sì pẹ́ tí ó fi dé Nàìjíríà. Ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní 1967 lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí àwọn ará ìlú wa ń kọjá níwájú rẹ̀ bí wọ́n bá ń gbé ọsàn lọ tà, Hans Herren, ará Switzerland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò ó pé ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wá ni kòkòrò yìí ti wá, àti pé ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ ẹ́. Wọ́n wá a lọ. Ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò kan tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, wọ́n sì rò pé iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n agbọ́n tí ó ń jẹ èyí kò kà tiwa sí oúnjẹ rárá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kòkòrò tún wò ó fínnífínní, wọ́n rí i pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀tọ̀ ni, a sì fún òun náà lórúkọ tirẹ̀ ní 1981. Ní ọdún yẹn kan náà ni Anthony Bellotti, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CIAT, lẹ́bàá ìlú Cali ní Kòlóńbíà, rí kòkòrò gidi náà ní Paraguay. Agbọ́n tíńtín kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ń yé ẹyin sínú ara rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ agbọ́n a sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n kó agbọ́n náà gba Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó má baà gbé àrùn mìíràn wá, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ kí 1981 tó parí. Láàárín ọdún mẹ́wàá ó ti tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó ju ogún lọ. Àgbẹ̀ kankan kò san kọ́bọ̀. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú: orúkọ. A pe ohun méjì ní ọ̀kan, ebi sì ń sún mọ́lé. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè, inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo kà á, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń bi mí pé kí ni wọ́n ń fi orúkọ ṣe.

Ní Fìdítì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ àgbà kan wà ní agbo ilé tí ó kọjú sí tiwa, tí bàbá mi máa ń sọ pé kò sí igi tí yóò rí tí kò ní pè lórúkọ. Ọdún tí ó ṣáájú ni mo kọ́kọ́ lọ bá a, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rán mi níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ni. A jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, òun ń dárúkọ, èmi ń kọ. Ó tó ọgọ́ta orúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí á lọ wò wọ́n lóko.” Ó ní, “Ó di ìgbà tí o bá tún dé. Orúnkún ń dùn mí.” Nígbà tí mo tún dé, wọ́n ti sin ín. Nínú ọgọ́ta orúkọ náà, mọ́kànlá wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́ ní àdúgbò wa. Mo kà wọ́n sétí àwọn ọdẹ mìíràn, wọ́n mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ní òun gbọ́ méjì rí lẹ́nu bàbá òun, ṣùgbọ́n òun kò mọ igi tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé igi náà wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun ni ìyàwó rẹ̀ fi ń dáná. Orúkọ mọ́kànlá wà nínú ìwé mi tí kò ní igi, igi mọ́kànlá sì wà nínú igbó Fìdítì tí kò ní orúkọ, n kò sì mọ bí wọn yóò ṣe tún pàdé ara wọn.

Nítorí náà, nígbà tí mo lọ sí Ìlọrà, ìkánjú ni mo bá lọ. Ìyá tí mo lọ bá jẹ́ àbúrò ìyá tí ó bí bàbá mi. Eléwé ọmọ ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti wà ní ilé ìwé ni ó ti ń ta ewé àgbo fún àwọn abiyamọ. Mo dọ̀bálẹ̀, ó kì mí, ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun, ó sì jẹ́ kí n ya àwòrán gbogbo ewé tí ó pàtẹ. Efinrin, ewúro, àkòko, rinrin, gbogbo rẹ̀ ni ó dárúkọ fún mi. Nígbà tí ó ku ìdì kan tí ó fi àkísà bò, ó dákẹ́. Mo ní, “Ìyá, èyí ńkọ́?”

Ó ní, “Níbo ni ìwé tí ò ń kọ yìí ń lọ?”

Mo ṣàlàyé bí mo ti lè ṣe é. Mo ní kì í ṣe Ìbàdàn nìkan, mo ní gbogbo ayé ni yóò rí i. Mo rò pé yóò dùn mọ́ ọn nínú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wí pé:

“Ọmọ mi, bí gbogbo ayé bá mọ̀ ọ́n, kí ni èmi yóò máa tà?”

Ojú ń tì mí láti sọ èrò tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo rò pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Mo rántí ọdẹ Fìdítì. Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá ìbá kọ́ ní iṣẹ́ yìí ti lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Èkó. Kò sí ẹni tí yóò gba agbọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lẹ́nu mi láti bi í pé bí ọlọ́jọ́ bá dé ńkọ́, ṣùgbọ́n a kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, mo sì gbé e mì. Mo dúpẹ́, mo wọ mọ́tò padà sí Fìdítì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Èmi tí mo ka ìtàn agbọ́n Paraguay, mo ti ka àwọn ìtàn mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n kò gbé wọn síwájú ara mi nígbà tí mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ní 1876, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Wickham, kó hóró igi rọ́bà tí ó tó 70,000 kúrò ní Bùràsíìlì lọ sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ibẹ̀ ni igi náà ti dé Sílóònù àti Màláyà, kí ogójì ọdún sì tó pé, òwò rọ́bà Bùràsíìlì ti dẹnu kọlẹ̀. Ohun tí ó wà lóko ẹni, tí ayé bá mọ̀ ọ́n, ó lè di ohun tí a ó máa lọ rà lóko ẹlòmíràn.

Tàbí ẹ jẹ́ kí á mú èyí tí ó wà nílé wa, ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Èso rẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ nílẹ̀ ni ó ń so sí, ohun tí ó wà lára kóró rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí adùn náà kì í tètè kúrò lẹ́nu. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ sí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ní 1855, orúkọ rẹ̀ ni ewé náà sì ń jẹ́ nínú ìwé Látìn títí di òní: Thaumatococcus daniellii. Àwọn obìnrin tí ó ti ń fi pọ́n oúnjẹ kí a tó bí Daniell kò sí nínú orúkọ náà. Ní 1972, àwọn onímọ̀ Unilever ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì yọ ohun dídùn inú rẹ̀ sọ́tọ̀; wọ́n rí i pé adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní ọ̀nà tí ó lé ní 2,000. Ní 1982, wọ́n mú jíìnì tí ó ń pàṣẹ adùn náà, wọ́n sì gbé e sínú kòkòrò àìfojúrí kí òun lè máa ṣe é. Ẹ kò rí i bí? Láti ọjọ́ náà, ó ti hàn pé ẹni tí ó bá fẹ́ adùn yẹn lè máà wá ewé wá sí igbó ẹnikẹ́ni mọ́. Ìròyìn nípa ewé lè tó. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ìbéèrè Ìyá jinlẹ̀ ju bí mo ti gbọ́ ọ lọ. Èmi rò pé ìròyìn lásán ni mo ń béèrè, pé ewé rẹ̀ yóò ṣì kù sínú agbọ̀n. Òun mọ̀ pé ìròyìn ni ọjà.

Ayé kò ṣàì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀. Ní Rio de Janeiro ní 1992, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn pé olúkúlùkù ni ó ni àṣẹ lórí ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà ní ilẹ̀ rẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí i. Ní 2010, wọ́n ṣe òmíràn ní Nagoya ní ilẹ̀ Japan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà, kí ó sì fún onílẹ̀ nínú èrè rẹ̀. Nǹkan tí a lè dì mọ́wọ́ ni àdéhùn náà ń rò jùlọ. Nígbà tí ó bá di ìròyìn jíìnì tí ń rìn nínú kọ̀ǹpútà, ìjà ni. Ní Cali, ìlú tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ti jókòó lé e ní 2024, wọ́n sì fi ẹnu kò pé kí àpò owó kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń jèrè lórí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò máa dá owó sí, kí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ lè lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ará ìlú tí nǹkan náà ti wá. Wọ́n ṣí àpò náà ní oṣù kejì ọdún 2025. Ṣùgbọ́n kò sí ipá nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wù ni yóò dá a. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo bí owó náà yóò ṣe rìn láti Yúróòpù títí yóò fi kan agbọ̀n kan ní ọjà Ìlọrà, n kò rí ọ̀nà tí yóò gbà.

Mo wá rí nǹkan kan tí ó fún mi ní ìrètí. Ìwé GBIF kò béèrè ohun tí ewé ń wò. Ohun tí ó ń fẹ́ mọ̀ ni: kí ni a rí, níbo ni a ti rí i, ní ọjọ́ wo, ta ni ó rí i. Bí ohun náà bá sì jẹ́ ohun ọ̀wọ́n, a lè bo ibi tí a ti rí i, kí àwọn apanirun má baà lọ bá a. Mo wí fún ara mi pé, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Orúkọ ni ti gbogbo ayé, ìlò ni ti ẹni tí ó ni ín. Mo tún wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà, mo rò ó fún Ìyá bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Orúkọ ńkọ́? Wọ́n ń béèrè orúkọ?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Orúkọ ni wọ́n tilẹ̀ rán mi.”

Ó ní, “Bí o bá ti kọ orúkọ rẹ̀, kí ló kù?”

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè ni ó yẹ kí n ti mọ èyí. Orúkọ ewé ní èdè wa kì í ṣe àmì tí a kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà mìíràn ìtàn ni: ewéko kan tí ó ti òkè òkun wá tí ó bo gbogbo oko wa, Akíntọ́lá ni àwọn kan ń pè é, Awólọ́wọ̀ ni àwọn mìíràn ń pè é, ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò mọ ìgbà tí ó gbilẹ̀ láti inú orúkọ náà, yóò sì mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí onílé wà. (Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa gan-an, Afijio, lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú wa ni a tò jọ, a fẹ́ràn kí orúkọ máa sọ nǹkan.) Nígbà mìíràn sì rèé, iṣẹ́ ewé gan-an ni orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ abíwẹ́rẹ́ tí yóò béèrè ẹni tí a ń lò ó fún? Ẹni tí kò fẹ́ tẹ́, tẹ̀tẹ̀ ni a ń fún un. Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúnbí, rí èyí kedere. Ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Ewé, tí ó jáde ní 1995, ọdún kan kí ó tó kú, fi hàn bí orúkọ ewé àti ọfọ̀ rẹ̀ ti ń dá ara wọn lóhùn. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo bá ń ka ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìyá eléwé ọmọ kan lè máà dúpẹ́. Orúkọ Látìn lè jáde láìmú àṣírí kankan dání. Ti Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí ó wà lábẹ́ àkísà ní ọjà Ìlọrà sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn.

Ìyá wò mí títí. Mo rò pé bí mo ti pa ẹnu mọ́ ni ó jẹ́ kí àánú mi ṣe é. Ó ní ibi tí òun ti ń já ewé náà kò tó nǹkan mọ́. Wọ́n ti pín igbó náà sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n ń kọ́lé sí i, ẹni tí ó ń fi kátápílà ro ilẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Ó ní, “Kọ ọ́ pé ó wà. Ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan wà ni ó ń ro ó dànù. Ṣùgbọ́n má kọ bí mo ṣe ń pè é.” Ó mú mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ aṣọ mú bí a ti ń gba inú koríko kọjá. Mo ya àwòrán rẹ̀.

Ìwé tí a fún wa láti kún ní àyè fún ẹni tí ó rí ewé, àti àyè mìíràn fún ẹni tí ó dá a mọ̀. Onímọ̀ igi ni a ń kọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ro ó dáadáa, mo sì kọ orúkọ Ìyá sí àyè kejì, nítorí pé òun ni ó dá a mọ̀. Onímọ̀ igi wa pẹ̀lú, nígbà tí ó rí àwòrán náà, orúkọ Látìn ni ó fi kún un, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ ti Ìyá. Àyè tí ó wà fún orúkọ ìbílẹ̀, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Olùkọ́ wa dá ìwé náà padà fún mi. Ó ní iṣẹ́ mi kò pé: orúkọ ni òun rán mi, orúkọ ni n kò sì mú wá.

Ó tọ̀nà. Mo sì ń rántí ọdẹ Fìdítì lójoojúmọ́, pé bóyá èmi fúnra mi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi sọ igi mọ́kànlá di méjìlá. Bí a ti ń bọ̀ láti inú igbó ní ọjọ́ náà, Ìyá dúró lẹ́ẹ̀kan kí ó sinmi, ó sì pe ewé náà lórúkọ sí mi létí, ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní kí n pè é kí òun gbọ́. Mo pè é. Ó tún ohùn mi ṣe níbi kan. Mo ń pè é nínú mi lálaalẹ́ kí n tó sùn, n kò sì tíì kọ ọ́ sí ibì kankan.